Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí Ń Gba Ètò Tẹlifíṣàn Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta ni ẹ ó ti rí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi aṣọ bò ní igun yàrá, tí ẹnikẹ́ni kò tàn mọ́ láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti ra fóònù ńlá. Owó gidi ni wọ́n fi rà á, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n kò tún sí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe. Nígbà tí irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ bá dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ìlẹ̀wó, tí wọ́n sì gbọ́ pé ẹ̀rọ náà ṣeé sọ di ohun tí yóò máa gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀ kí ẹni tó lọ sí ọjà tàbí òde lè padà wá wò ó, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá agbára rẹ̀ á ká iṣẹ́ náà. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tí èmi máa ń bi wọ́n ni pé: níbo ni àwòrán tí ẹ fẹ́ gbà sílẹ̀ ti ń wọ ilé yín?

Kọ̀ǹpútà kò lè dá tẹlifíṣàn rí. Ohun èlò kan gbọ́dọ̀ gba ìgbì tó wà nínú afẹ́fẹ́, kí ó sì sọ ọ́ di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ lè kọ sínú hard disk. Tuner ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Òmíràn jẹ́ páálí pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, òmíràn sì kéré bí fíláàṣì tí a ń kì sí ojú ihò USB. Irú èyí tí ẹ máa rà dúró lórí ibi tí àwòrán ti ń wọlé, nítorí náà ẹni tó bá ra tuner kó tó dáhùn ìbéèrè mi lè ti fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé tó ń fi antẹ́nà wo OGTV àti NTA Abẹ́òkúta láìsan owó oṣù. Ìlànà méjì ni ibùdó tẹlifíṣàn fi ń ránṣẹ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ti àtijọ́ tí à ń pè ní PAL, àti ti ìgbàlódé tí à ń pè ní DVB-T2. Ilẹ̀ wa ṣì wà láàárín méjèèjì: ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n ṣí ti ìgbàlódé ní Jos, ṣùgbọ́n kò tíì kárí gbogbo ìpínlẹ̀. Tuner tó mọ ìlànà méjèèjì ni ó dára jù láti rà. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ọmọ yín bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, nítorí ìlànà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ATSC ni orúkọ rẹ̀, bí ẹ bá sì kì í bọ ẹ̀rọ yín níhìn-ín kò ní rí ibùdó kankan. Mo ti ní mẹ́ta irú rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, àwọn tó ni wọ́n kò padà wá gbà wọ́n.

Níbi ìlànà méjèèjì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ agbára kọ̀ǹpútà ti wọlé. Àwòrán PAL tí kò tíì dínkù jẹ́ àmì 720 ní ìbú àti 576 ní òró, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ni ó sì ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ka àmì kọ̀ọ̀kan sí báìtì méjì, ó ń lọ sí nǹkan bí mẹ́gábáìtì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí gígábáìtì 75 fún wákàtí kan ṣoṣo. Hard disk ayé àtijọ́ kò lè gba ìyẹn mì. Àfi kí nǹkan fún un kó kéré bí ó ti ń wọlé, iṣẹ́ tó sì le ni fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Yóò máa gbóná, fáànù á máa pariwo, àwòrán á sì máa fò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn páálí tó ń fún àwòrán fúnra rẹ̀ kó tó fi lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, irú Hauppauge PVR-150 tí ẹ ṣì lè bá pàdé láàárín ọjà àlòkù. Ní ti DVB-T2, ibùdó ti fún àwòrán náà kó tó rán an jáde. Kọ̀ǹpútà yín kàn ń kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ ni, bí akọ̀wé ìpàdé. Kọ̀ǹpútà ayé Pentium 4 tó ní gígábáìtì kan ti RAM lè ṣe é kó má mí gúlegúle.

Ilé tó ń lo dékódà olówó oṣù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Tuner lè rí ìgbì GOtv tàbí StarTimes nínú afẹ́fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í pa, dékódà nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí ẹ mú wáyà olórí mẹ́ta, ìyeyè, pupa àti funfun, láti ẹ̀yìn dékódà wá sí ohun èlò USB kékeré kan tó ń gba àwòrán, kí kọ̀ǹpútà sì gba èyí tí dékódà ti ṣí. Ẹ rí i dájú pé ihò USB ẹ̀rọ yín jẹ́ ti 2.0, nítorí ti ìṣáájú kéré ju kí ó gbé àwòrán gba inú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé ti HDMI, wáyà àwòrán ti ìgbàlódé, mọ́lẹ̀ jù. Òótọ́ ni pé ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ààbò kan tó ń jẹ́ HDCP sábà máa ń wà lórí rẹ̀, òkùnkùn birimù ni ẹ ó sì gbà sílẹ̀.

Ọ̀nà dékódà yìí ní àbùkù kan tí mi ò rí oògùn rẹ̀ tán. Ìkànnì tí dékódà bá wà ni kọ̀ǹpútà ń gbà. Mo ṣe é fún ìyá kan ní Ìbarà tó fẹ́ràn fíìmù kan tí wọ́n ń ṣe ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ìgbà tó máa ń wà ní ìpàdé àdúrà. Ní ọjọ́ kejì, Mọ́mì pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ mà gba ológbò àti eku sílẹ̀ fún mi o, wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ń lé ara wọn.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ta ló di rìmóòtù mú lálẹ́ àná?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ wọn ni. Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó jáde nílé, wọ́n á yí dékódà sí ìkànnì tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sì fi rìmóòtù sínú báàgì lọ sí ìpàdé.

Lẹ́yìn ibi tí àwòrán ń gbà wọlé, agogo inú ẹ̀rọ àti iná ni ó tún lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́, àwọn méjèèjì sì so kọ́ra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé nìyí. Mo ti ṣètò kí ẹ̀rọ gba eré bọ́ọ̀lù kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí mo ń lọ síbi ìgbéyàwó. Iná lọ lóru ọjọ́ Ẹtì, ó dé láàárọ̀, ẹ̀rọ sì tàn fúnra rẹ̀ bí mo ṣe pàṣẹ fún un. Nígbà tí mo délé lálẹ́, kò gba ohunkóhun. Mo wo ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2005 ló kọ síbẹ̀. Ní tirẹ̀, ọjọ́ bọ́ọ̀lù kù bí ọ̀pọ̀ ọdún. Bátìrì róbótó kan bí owó ẹyọ ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí àkókò nígbà tí kò bá sí iná. CR2032 ni wọ́n kọ sára rẹ̀, fólítì mẹ́ta (3V) ni agbára rẹ̀, inú ẹ̀rọ tó ti pẹ́ ni ó sì sábà máa ń kú sí láìsí ẹni tó mọ̀. Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo kọ̀ǹpútà tí mo bá ń ṣe fún iṣẹ́ yìí, yálà ó ti kú tàbí kò tíì kú. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá a tún agogo rẹ̀ ṣe.

Ní ti iná fúnra rẹ̀, nínú BIOS, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó wọlé, ni ẹ ti máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó tàn bí iná bá ti padà dé. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ tó jọ AC Power Loss, kí ẹ sì yí i sí Power On. Ó kù sí yín lọ́wọ́ bóyá ẹ fẹ́ lo ẹlẹ́rù ńlá (desktop) tàbí laptop. Èmi yóò mú laptop tí gíláàsì ojú rẹ̀ ti fọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà mọ́. Bátìrì rẹ̀ tó ń gbé ìdajì wákàtí péré ti tó láti gbà á là nígbà tí ẹ bá ń tan jẹnẹrétọ̀. Bákan náà, ó máa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 30, nígbà tí ẹlẹ́rù ayé Pentium 4 lè jẹ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ní inverter yóò sì mọ ìyàtọ̀ náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìṣirò àyè kò le. Fídíò tó ń wọlé ní mẹ́gábíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan), èyí tó dára tó fún tẹlifíṣàn lásán, ń gba gígábáìtì 1.8 fún wákàtí kan. Hard disk gígábáìtì 160 tí ẹ bá yọ 20 kúrò nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò gba wákàtí 77. Ohun tó ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà ni bí wọ́n ṣe ṣètò disk náà. Bí ó bá jẹ́ FAT32, ọ̀nà ìtò disk ti àtijọ́, fáìlì kan kò lè kọjá gígábáìtì mẹ́rin, nítorí náà ètò yín lè gé lẹ́yìn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Ọ̀nà ìtò NTFS ni kí ẹ lò fún Windows, ext4 fún Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows.

Ní ti ètò kọ̀ǹpútà (software) tó ń ṣe iṣẹ́ ìgbàsílẹ̀, fún antẹ́nà mo ń lo Tvheadend lórí Linux, nítorí kò nílò ojú kọ̀ǹpútà. Láti orí fóònù ni mo ti ń yan ohun tí yóò gbà, láti inú yàrá. NextPVR wà fún àwọn tó fẹ́ Windows. MythTV ti wà láti ọdún 2002, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n n kò ní fi lé ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Fún wáyà olórí mẹ́ta, VLC tàbí ffmpeg ti tó. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí iwájú ètò, kí ẹ sì fi ogún sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí gbogbo wa la mọ bí ìròyìn ṣe máa ń wọnú àsìkò ètò tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní ìsàlẹ̀ láàárín òkè méjì, bí ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú olókùúta yìí, ẹ má fi antẹ́nà sábẹ́ páànù. Ẹ nà án sókè lórí páìpù, kí wáyà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan gbọọrọ tí kò ní oríkèé, kí ẹ sì yọ ọ́ lára kọ̀ǹpútà bí òjò bá ṣú tí mànàmáná ń kọ. Ohun tí ẹ bá gbà, fún wíwò nínú ilé yín ni. Ẹ má dà á sórí fíláàṣì tà.

Kí ẹ tó fi ètò tí ẹ fẹ́ràn lé e lọ́wọ́, ẹ dán an wò báyìí: ẹ ní kó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní wákàtí kan sí àkókò tí ẹ wà, kí ẹ sì fa páláàgì rẹ̀ yọ lára ògiri. Bó bá jẹ́ laptop tí BIOS rẹ̀ ní ètò Power On yẹn, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ki páláàgì náà bọ ògiri padà, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn bá wà nínú disk nígbà tí ẹ bá padà dé, ẹ lè gbé e lọ sábẹ́ tẹlifíṣàn.