Owó Ìdápadà Tó Lé: Ṣé Ẹni Tó Gbà Á Ló Ni Ín?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń san owó orí ní Amẹ́ríkà gbà pé bí IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, bá ti lè fi owó ìdápadà, ìyẹn owó orí tí ènìyàn ti san lé, ránṣẹ́ sí báǹkì ènìyàn, a jẹ́ pé wọ́n ti yẹ ìwé rẹ̀ wò tán, owó náà sì ti di tirẹ̀, ìbáà tilẹ̀ ju iye tó tọ́ sí i lọ. Ìgbàgbọ́ òdì gbáà ni. Pé wọ́n san owó kò túmọ̀ sí pé wọ́n fọwọ́ sí ìṣirò, nítorí òfin fún IRS ní ọdún 3, lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù owó orí ènìyàn bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, láti tún un yẹ̀ wò kí wọ́n sì béèrè èyí tó kù. Wọ́n tún lè gba ilé ẹjọ́ lọ láàárín ọdún 2 tí wọ́n san owó tí kò yẹ, tàbí ọdún 5 bó bá jẹ́ pé irọ́ tàbí jìbìtì ni a fi gbà á.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹni tó ṣe àṣìṣe náà. Bó bá jẹ́ pé inú fọ́ọ̀mù ló wà, bíi kí ènìyàn gbàgbé ìwé W-2, èyí tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ iye owó tó san fún òṣìṣẹ́, ti iṣẹ́ kejì, tàbí kí òbí méjì tí kò gbé pọ̀ kọ orúkọ ọmọ kan náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, fọ́ọ̀mù 1040-X ni a fi ń tún un ṣe, a ó sì san ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí a gbà àti iye tó tọ́ sí wa. Kò sí ìdí láti dá gbogbo owó padà, bẹ́ẹ̀ ni dídá owó padà láìkọ fọ́ọ̀mù kò tún ohunkóhun ṣe. Àṣìṣe ìṣirò lásán ni a kì í sábà kọ 1040-X fún, nítorí IRS fúnra wọn máa ń tún un ṣe, wọn a sì kọ lẹ́tà.

Àwọn tó ń dúró de lẹ́tà kí wọ́n tó ṣe nǹkan ni ọ̀rọ̀ wọn ń ṣe mí láàánú jù. Ọjọ́ tí owó orí ọdún náà yẹ ní sísan, tó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ni èlé ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí lẹ́tà dé. Ẹni tó bá sì tètè tún fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó kàn sí i fún àyẹ̀wò lè bọ́ lọ́wọ́ ìtanràn ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń bù lé owó orí tí a kò kọ tó.

Bó bá jẹ́ àṣìṣe IRS ńkọ́, tí fọ́ọ̀mù sì péye? A kò ní kọ 1040-X. Bó bá jẹ́ báǹkì ni owó náà gbà wọlé, kí ènìyàn sọ fún ẹ̀ka tó ń bójú tó ACH, ìyẹn ètò ìfowóránṣẹ́ láàárín báǹkì, níbẹ̀ kí wọ́n dá a padà, kí ó sì pe IRS láti ṣàlàyé. Ṣẹ́ẹ̀kì tí a kò tíì gba owó rẹ̀, a ó kọ “Void” (ìyẹn ni pé kò wúlò mọ́) sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí à ń fọwọ́ sí, a ó sì fi ìwé àlàyé kékeré kan tì í ránṣẹ́ padà. Níhìn-ín, òfin ṣàánú díẹ̀: bí ènìyàn kò bá lọ́wọ́ sí àṣìṣe náà rárá, tí owó náà kò sì ju 50,000 dọ́là lọ, wọn kì í ka èlé títí di ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè owó wọn.

Ẹni tó ti ná owó náà kò gbọdọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láìtún un ṣe. Kí ó fi 1040-X ránṣẹ́, kí ó san èyí tí agbára rẹ̀ ká, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ fún sísan díẹ̀díẹ̀. Èlé yóò máa gun kìkì ohun tó kù. Kí ó má sì gbàgbé ìpínlẹ̀ tó ń gbé, nítorí púpọ̀ nínú wọn ń gbé owó orí tiwọn ka iye tó wà nínú fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀, fọ́ọ̀mù tiwọn náà yóò sì fẹ́ àtúnṣe.