Àlẹ́ẹ̀tì méjì lórí owó kan ṣoṣo: ibi tí àléébù ìṣàn dátà máa ń fara pamọ́ sí

Ẹnì kan gba ₦5,000 lọ́wọ́ oníPOS ní Kubwa, àlẹ́ẹ̀tì méjì wọlé sórí fóònù rẹ̀. Kí ó tó figbe ta, kí ó kọ́kọ́ wo iye tó ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì. Bí owó bá kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àlẹ́ẹ̀tì nìkan ló pààrà. Bí ó bá kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀ràn báńkì ni, kí ó gbé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àléébù méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n sábà máa ń ti wá. Kóòdù kan ní ohun méjì láti ṣe: kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti jẹ́ ẹ. Iná lọ, tàbí nẹ́tíwọ̀kì já, láàrin méjèèjì. Nígbà tí kóòdù náà padà dé, kò mọ̀ pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún.

Ìṣàn dátà ni à ń pe irú ètò yìí. Dípò kí á kó gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ jọ di alẹ́ kí á tó rán an, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni à ń rán an lọ. Díẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń kọ irú kóòdù bẹ́ẹ̀ fúnra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí library ni wọ́n ń kọ́ tiwọn lé, ìyẹn àkójọ kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, tí wọ́n sì ń tún ṣe lóòrèkóòrè. Kafka wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù. Ilé iṣẹ́ LinkedIn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n tú kóòdù rẹ̀ síta fún gbogbo ayé ní 2011, abẹ́ Apache Software Foundation ló sì wà báyìí. Nínú Kafka, àwọn iṣẹ́ máa ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú ìpín (a lè pín iṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ìlà, ìlà kọ̀ọ̀kan ni ìpín), ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, láti orí 0 lọ sókè. Ẹni tó ń kà wọ́n yóò máa sàmì sí nọ́ńbà tó kàn. Kíkà kì í pa iṣẹ́ rẹ́. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan sẹ́tíǹgì, ó kéré tán ọjọ́ 7 ni yóò fi wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi iye ṣe é. Library Java ti Kafka lè gbé iṣẹ́ tó tó 500 lé kóòdù lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí kóòdù bá fi àlẹ́ẹ̀tì 300 ránṣẹ́, tí iná sì lọ kí ó tó sàmì, orí èkíní nínú 500 yẹn ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀: ènìyàn 300 yóò gba àlẹ́ẹ̀tì kejì. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti sàmì sí gbogbo 500 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́, ènìyàn 200 kò ní gbọ́ nǹkan kan rárá. Ní 2017, nínú ẹ̀dà 0.11, wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní exactly-once (ẹ̀ẹ̀kan péré, láìpààrà, láìsọnù) kún Kafka. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n láti inú Kafka sí inú Kafka ló mọ. Kò sí ẹ̀dà Kafka kankan tó lè pe SMS tó ti jáde padà. Nítorí náà, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́, kí ẹ tó sàmì. Iṣẹ́ tó pààrà ṣeé dá mọ̀, ó ṣeé sọnù. Èyí tí kò dé, ta ni yóò mọ̀ pé ó yẹ kó dé?

Sẹ́tíǹgì tí kò sí ẹni tó wò ló ń fa wàhálà jù. Títàn ni enable.auto.commit máa ń wà, ìṣẹ́jú-àáyá 5-5 ló sì ń sàmì. Ìgbà tí kóòdù bá padà wá béèrè iṣẹ́ tuntun ni library yóò sàmì sí àwọn tó ti kó fún un tẹ́lẹ̀. Kò burú, bí kóòdù bá ti jẹ́ gbogbo wọn tán kí ó tó padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń pín iṣẹ́ fún thread mìíràn (apá mìíràn nínú kóòdù kan náà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) kí ó lè yá, tí wọ́n á sì sáré padà wá gba sí i. Library rí wọn, ó gbà pé wọ́n ti parí, ó sàmì sí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ́. Bí iná bá lọ lásìkò yẹn, iṣẹ́ sọnù, àkọsílẹ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kóòdù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kò sì ní fi àṣìṣe kankan hàn. Ẹ pa á, kí ẹ máa sàmì fúnra yín lẹ́yìn tí àwọn thread náà bá ti parí.

Èkejì ni max.poll.interval.ms, tó wà ní 300000, ìyẹn ìṣẹ́jú 5. Bí kóòdù kò bá padà wá gba iṣẹ́ láàrin àkókò yìí, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn kóòdù tó jọ ń ka iṣẹ́, wọn yóò gbé ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì tó kẹ́yìn. Ẹ pín ìṣẹ́jú 5 sí 500, ìṣẹ́jú-àáyá 0.6 ló kan iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ lásán, ẹni tó ń bá yín fi SMS ránṣẹ́ lè dáhùn ní 0.2, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Lọ́jọ́ owó oṣù, ìdáhùn fà dé ìṣẹ́jú-àáyá 1, iṣẹ́ 500 gba ju ìṣẹ́jú 8 lọ, wọ́n gba ìpín lọ́wọ́ rẹ̀, àlẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrà. Ẹni tó gba ìpín náà yóò bá ìdúró kan náà pàdé, wọn yóò tún gba á lọ́wọ́ òun náà, ìyẹn ni ènìyàn kan fi lè gba àlẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Àwọn kan yóò sáré sọ ìṣẹ́jú 5 di 30. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí pé kóòdù tó bá há lóòótọ́ yóò wá há fún ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n tó mọ̀. Max.poll.records ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù láti 500 sí 100: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní ìṣẹ́jú-àáyá 3.

Síbẹ̀, ìpààrà díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù. Ohun tó ń gbà á ni nọ́ńbà ìdánimọ̀. Kí ẹni tó rán iṣẹ́ fún un ní nọ́ńbà tí kò jọ ti ẹlòmíràn, kí ẹni tó gbà á kọ nọ́ńbà náà sínú dátábéèsì tó kọ̀ láti gba ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ohun tí ẹ ń ṣe bá jẹ́ yíyọ owó nínú dátábéèsì yẹn kan náà, kí nọ́ńbà àti owó wọlé pọ̀ nínú transaction kan, kí ọ̀kan má baà wọlé kí èkejì já. Àṣìṣe méjì ni mo ń rí jù níbí. Ọ̀kan ni pé wọ́n ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà tuntun nígbàkígbà tí wọ́n bá tún rán iṣẹ́, nọ́ńbà náà kò wá lè dá ohunkóhun mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí a ṣẹ̀dá rẹ̀, kí iṣẹ́ tó jáde nígbà àkọ́kọ́. Èkejì ni pé wọ́n ń fi iye owó àti àkókò dá ìpààrà mọ̀: ₦500 sí ẹnì kan náà láàrin ìṣẹ́jú 2, wọ́n sọ ọ́ nù. Obìnrin tó ra búrẹ́dì ₦500, tó rántí, tó padà wá ra òmíràn, owó gidi ló san lẹ́ẹ̀mejì.

Àléébù kan tún wà tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Dátà kì í ṣàn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà, bàítì, ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú dátà, ni ó fi ń ṣàn, ègé-ègé ni ó sì ń dé. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bàítì 1 nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di bàítì. Ṣ jẹ́ 3, ọ jẹ́ 3, á jẹ́ 2. Lẹ́tà 4 ni Ṣọlá ní, bàítì 9 ni. Ọ̀ tó ní àmì ohùn lórí jẹ́ 5. Àwọn ará Kano àti Sokoto náà kò yọ sílẹ̀: ƙ, ɗ àti ɓ ti Hausa jẹ́ bàítì 2-2. Nínú Node.js, ètò tó ń mú kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́ lórí sáfà, bí a bá ń ka fáìlì ní ìṣàn, ègé tó tó bàítì 65,536 ló ń gbé wá. Bí òpin ègé bá bọ́ sí àárín Ṣ, tí kóòdù sì sọ ègé kọ̀ọ̀kan di ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Ṣ yóò fọ́, àmì � ni ẹ máa rí nínú orúkọ oníbàárà. Ẹni tó fi ìlà 10 dán library rẹ̀ wò kò ní rí i láé, torí ìlà 10 kò tó ègé kan. Orí fáìlì ńlá ló ti ń jáde, nínú orúkọ ẹyọ kan láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé ẹni tó tẹ orúkọ ló ṣì í tẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ lo ohun tó lè di bàítì tí kò tíì pé mú títí ègé tó kàn yóò fi dé: StringDecoder nínú Node, TextDecoder pẹ̀lú stream: true nínú browser, codecs.getincrementaldecoder nínú Python. Ìdánwò rẹ̀ ṣe pàtàkì ju àtúnṣe lọ: ẹ mú gbólóhùn Yorùbá tó kún fún àmì, kí ẹ fún library ní bàítì kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ohun tó wọlé mu délẹ̀délẹ̀. Bí ó bá yege, kò sí ibi tí a lè gé e sí tí yóò fọ́ mọ́.

Ẹ má sì fi orúkọ ènìyàn ṣe kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́, ìyẹn ohun tí Kafka fi ń mọ ìpín tí iṣẹ́ yóò lọ. Lẹ́tà “á” lè jẹ́ lẹ́tà kan nínú fóònù kan, kí ó jẹ́ a pẹ̀lú àmì lọ́tọ̀ nínú òmíràn. Ojú rí wọn bí ọ̀kan náà, Kafka rí méjì, ó sì lè fi wọ́n sínú ìpín méjì, bẹ́ẹ̀ inú ìpín kan ṣoṣo ni ètò tẹ̀lé-n-tẹ̀lé ti dájú. Nọ́ńbà àkáǹtì tó ní díjíìtì 10 sàn jù.

Ti àkókò kò gba àlàyé púpọ̀. Wákàtí 1 ni Nàìjíríà fi ṣíwájú UTC (àkókò àjùmọ̀lò tí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé fi ń ṣírò), kì í sì í yí padà láàrin ọdún. Bí library bá ń fi UTC pín ọjọ́, ọjà tí ẹ tà láàrin agogo 12 òru sí agogo 1 yóò bọ́ sínú ìṣirò ọjọ́ tó ṣáájú. Bákan náà, fóònù awakọ̀ tó pàdánù nẹ́tíwọ̀kì lójú ọ̀nà Kaduna yóò kó gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ pa mọ́, yóò sì tú wọn jáde nígbà tó bá dé Àbújá. Àkókò tí ohun náà ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ìgbà tó dé.

Ìgbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá padà gan-an ni omi ń bo ilé. Bí ẹni tó ń rọ omi fún mai ruwa kò bá pa ẹ̀rọ nígbà tí kẹ́ẹ̀gì kún, ilẹ̀ ni yóò máa dà á sí; nínú kọ̀ǹpútà, mẹ́mọ́rì ni yóò kún títí sáfà yóò fi ṣubú. Nínú Node, write() máa ń dá false padà láti sọ pé ó ti kún. Ẹ dúró de drain, àmì pé àyè ti ṣí, kí ẹ tó kọ sí i. Nínú Python, queue.Queue() tí ẹ kò fún ní iye kò ní òpin, ẹ fún un ní òpin. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gbìyànjú láti padà sórí nẹ́tíwọ̀kì kò gbọdọ̀ jọ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà: kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 1, lẹ́yìn náà 2, 4, 8, títí dé 60, kí oníkálukú sì fi ìdúró díẹ̀ tí kò bá ti ẹlòmíràn mu kún un.

Bí àléébù bá wà nínú library fúnra rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí yóò fi máa ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ kọ ọ́ bí ìdánwò tó kùnà, kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, git bisect, irinṣẹ́ tó ń pín àwọn àyípadà inú kóòdù sí méjì-méjì láti wá àléébù, yóò fi ìgbésẹ̀ bíi 10 rí èyí tó bà á jẹ́ láàrin àyípadà 1,000. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀dà, sẹ́tíǹgì àti dátà tó kéré jù tó ń fà á ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 kò gbà kí ẹ fi orúkọ àti àkáǹtì oníbàárà síta, nítorí náà ẹ pààrọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí gígùn wọn àti àmì orí lẹ́tà wà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n yọ àmì kúrò kí dátà lè mọ́. Àléébù náà bá àmì lọ.

Yíyí ìṣesí library padà gba ìṣọ́ra ju títún àléébù ṣe. Bí library bá ti ń fò iṣẹ́ tó bàjẹ́ láìsọ̀rọ̀, tí ẹ sì mú kí ó máa pariwo, òótọ́ ni ẹ ṣe, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ti gbára lé ìdákẹ́jẹ́ yẹn yóò dúró gbagidi láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ fi sẹ́tíǹgì tuntun sílẹ̀ ní pípa, kí ẹ̀dà yìí máa kìlọ̀ nínú àkọsílẹ̀, kí ẹ wá tàn án nígbà tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú ẹ̀dà bá yí padà, bíi láti 2 sí 3. Ibi tí dátà bá ti ń sọnù nìkan ni mi ò ti ní dúró.

Ẹ wo Kafka fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀dà 3.0 ní 2021, wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, enable.idempotence, tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀mejì bí olùfiránṣẹ́ bá tún un rán, yóò máa wà ní títàn fún gbogbo ènìyàn. Àléébù kan kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nínú 3.0.0 àti 3.1.0: pípa ló wà, àyàfi fún ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án. 3.0.1, 3.1.1 àti 3.2.0 ni wọ́n ti tún un ṣe. Nítorí náà, sẹ́tíǹgì tí owó yín bá dúró lé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba nínú kóòdù yín, bí wọ́n tilẹ̀ sọ pé ó ti wà níbẹ̀. Library Java máa ń kọ ProducerConfig values sínú àkọsílẹ̀ nígbà tó bá ń tàn. Ẹ fi ti ẹ̀dà àtijọ́ wé ti tuntun ní ìlà dé ìlà kí ẹ tó gbé e sórí gbogbo sáfà, kí ẹ sì fi sáfà kan ṣoṣo dán an wò títí ọjọ́ owó oṣù kan yóò fi kọjá lórí rẹ̀.