Ta Ló ń Lọ sí Sáìtì? Bí Ojúsàájú Ṣe ń Kúrò Nínú Iléeṣẹ́ Ayàwòrán-ilé

Bí iléeṣẹ́ ayàwòrán-ilé kan ní Amẹ́ríkà bá fẹ́ fi hàn pé òun ti kẹ̀yìn sí ojúsàájú, orí ló sábà máa ń kọ́kọ́ kà. Obìnrin mélòó ló wà níbí? Aláwọ̀ dúdú mélòó? Bí iye náà kò bá wuyì, wọ́n á gba èèyàn méjì sí i, wọ́n á ya fọ́tò gbogbo òṣìṣẹ́ pọ̀, wọ́n á sì gbé ìkéde síta. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ní tiwọn á ní ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn, torí àwọn kò ju márùn-ún lọ, kò sì sí owó láti gba ẹlòmíràn. Àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tẹjú mọ́, wọn ò wo bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ fún ẹni tó ti wọlé.

Orí kíkà wúlò o. Iye yẹn burú, ó sì ti pẹ́ tó ti burú. Ọdún 1923 ni Paul R. Williams di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí AIA, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Amẹ́ríkà, gbà wọlé. Ní 1968, Whitney Young, tó jẹ́ olórí National Urban League, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, dúró níwájú àpérò ẹgbẹ́ náà ní ìlú Portland, ó sì sọ ọ́ sí wọn lójú pé wọ́n panu mọ́ nígbà tí ọ̀ràn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbóná janjan. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ayàwòrán-ilé aláwọ̀ dúdú 12 dá NOMA, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé tó wá láti inú ẹ̀yà tí kò pọ̀, sílẹ̀. Síbẹ̀, nínú 100 ayàwòrán-ilé tó ní ìwé-àṣẹ níbẹ̀ lónìí, bíi méjì péré ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ ìdá wọn láàárín ará ìlú ju 12 nínú 100 lọ.

Òfin nìkan kò lè yanjú ẹ̀. Abala keje Òfin Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú ti 1964, tó ka ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ léèwọ̀, kò mú iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 15. Àwọn òfin mìíràn wà tó mú àwọn kéékèèké, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ní tiwọn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iléeṣẹ́ ayàwòrán-ilé ní Amẹ́ríkà ni kò ní òṣìṣẹ́ tó mẹ́wàá. Ọwọ́ ẹni tó ni iléeṣẹ́ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lọ ni ètò ìwé-àṣẹ. Kéèyàn kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì kò tíì sọ ọ́ di ayàwòrán-ilé. NCARB, àjọ tí àwọn ìgbìmọ̀ ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ para pọ̀ dá, ń béèrè iṣẹ́ wákàtí 3,740 lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní AXP, wọn ò sì ní kí èèyàn kó wákàtí náà jọ bó ṣe wù ú. Ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín in sí. Èyí tó pọ̀ jù, 1,520, wà fún àwòrán ìkọ́lé àti àkọsílẹ̀ tó ń bá a rìn. 1,080 wà fún ìgbèrò ilé fúnra rẹ̀. 260 wà fún yíyẹ ilẹ̀ wò àti mímọ ohun tí oníbàárà nílò. Àwọn mẹ́ta tó kù kéré, àmọ́ àwọn ló ṣòroó rí: 360 lórí dídarí iṣẹ́, 360 lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilé bá ń lọ sókè, àti 160 lórí bí wọ́n ṣe ń darí iléeṣẹ́, ìyẹn ìwé àdéhùn, owó, ìgbanisíṣẹ́. Ọ̀gá tó ní ìwé-àṣẹ ló ń buwọ́ lù wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ́ méjì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí ìwé ẹ̀rí wọn dọ́gba. Àwòrán ilẹ̀kùn ni wọ́n fún ọ̀kan: kó to gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà sórí ìwé, fífẹ̀ wọn, irú kọ́kọ́rọ́ wọn, èyí tí iná kò gbọdọ̀ tètè jó. Ó ṣe é dáadáa, kò ṣàṣìṣe. Nítorí pé kò ṣàṣìṣe, nígbà tí iṣẹ́ mìíràn dé, òun náà ni wọ́n tún fún ní ilẹ̀kùn, wọ́n wá fi àtẹ̀gùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé sáìtì, ọ̀gá á mú àkẹtẹ̀ sáìtì méjì, á sì ké sí ẹnì kejì. Lábẹ́ àjà tí wọn ò tíì parí, agbaṣẹ́ṣe á fi hàn wọ́n pé páìpù atẹ́gùn fẹ́ gba ibi tí igi irin wà. Wọ́n á jọ dúró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á jọ ronú, ọ̀gá á ya nǹkan sórí pákó, agbaṣẹ́ṣe á ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n á wá ọ̀nà mìíràn. Lọ́sàn-án, ẹni tó wà lọ́fíìsì á gba ìwé kékeré kan pé kó sún àjà náà wálẹ̀ díẹ̀. Ó sún un, kò sì mọ ìdí.

Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ iye wákàtí kan náà. Ẹnì kejì ti ń sún mọ́ ìwé-àṣẹ. Wákàtí ti ẹni àkọ́kọ́ kún fún àwòrán ju ohun tí wọ́n béèrè lọ, kò sì tíì ní nǹkan kan lábẹ́ ìkọ́lé àti dídarí iṣẹ́. Ìyà náà tún jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí ìdánwò ìwé-àṣẹ náà apá mẹ́fà ló ní, orúkọ kan náà ni apá wọ̀nyẹn ń jẹ́ pẹ̀lú ọ̀nà mẹ́fà AXP. Ohun tí wọn ò jẹ́ kó fojú rí ni wọ́n ń bi í léèrè nínú yàrá ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ náà jọ ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Kóòṣì lè forúkọ èèyàn 20 sílẹ̀, kí fọ́tò ẹgbẹ́ náà sì dùn ún wò, àmọ́ ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wúwo lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é. Kò mọ ibi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbá bọ́ọ̀lù sí. Bó bá pàdánù bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì, kóòṣì á ní òun ti mọ̀ pé kò tíì tó. Àwọn òǹwòran á gbà pẹ̀lú rẹ̀, torí ohun tí ojú wọn rí nìyẹn. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tà á, wọ́n á sì ní àwọn gbìyànjú lórí rẹ̀.

Kò dìgbà tí ọ̀gá bá jẹ́ ìkà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ń kánjú, oníbàárà ń pè, ẹni tí ọ̀gá ti bá rìn rí ni ọkàn rẹ̀ á lọ bá. Ẹni tí ó sì kọ́kọ́ bá rìn máa ń jẹ́ ẹni tó rán an létí ara rẹ̀ nígbà èwe. Lójú tèmi, pípín tí NCARB pín wákàtí náà sí mẹ́fà gbọ́n púpọ̀, torí ojúsàájú tí kò ní ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ ti wá ní àkọsílẹ̀. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé orí òṣìṣẹ́ ni àìpé wákàtí náà ń já lé. Kò sẹ́ni tó ń bi iléeṣẹ́ pé kí ló dé tí ọ̀kan kò fi dé sáìtì rí.

Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe é lóòótọ́ lè bi ara rẹ̀. Àkọsílẹ̀ wákàtí ti wà níbẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń ṣírò owó oníbàárà. Kí wọ́n kó o jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, orúkọ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀nà mẹ́fà náà lókè, kí wọ́n wo ibi tó ṣófo. Oṣù mẹ́ta kò pọ̀ jù: wákàtí tí òṣìṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́jọ ni NCARB ń kà pé, lẹ́yìn náà, títí dé ọdún márùn-ún, ìdajì ni wọ́n ń kà. Ní iléeṣẹ́ ńlá, ẹni tó ń pín òṣìṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé yẹn lọ́wọ́ kí ọ̀gá kankan tó mú ẹni tó wù ú, ó sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti sọ pé rárá. Ní iléeṣẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, kí ọ̀dọ́ ibẹ̀ máa tẹ̀ lé ọ̀gá lọ sí sáìtì lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà méjì ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju àwọn ńlá lọ, torí kò sí ìgbìmọ̀ tí wọ́n máa dúró dè. Àwọn tí kò láyè láti gba ẹnikẹ́ni lónìí ṣì lè kọ owó iṣẹ́ ipò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ orúkọ ẹni tó máa bọ́ síbẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúnàádúrà má baà gba ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. AIA pẹ̀lú Yunifásítì Washington àti ti Minnesota ti ṣe ìwé ìtọ́nà lórí irú nǹkan báyìí, owó iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìtọ́sọ́nà ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ kékeré sì lè lò ó.

Ó ku orúkọ. Ní 1991, ayàwòrán-ilé Robert Venturi nìkan ni wọ́n fún ní Pritzker, ẹ̀bùn tó lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀, Denise Scott Brown, ni wọ́n jọ ń darí iléeṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Harvard kó ìbuwọ́lùwé jọ ní 2013 pé kí wọ́n tún un ṣe, ìgbìmọ̀ Pritzker ní àwọn kò lè yí ìpinnu àtijọ́ padà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: bí orúkọ bá ti bọ́ sílẹ̀, ó ṣòroó dá padà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iléeṣẹ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kan, àti ohun tó ṣe níbẹ̀, lọ́jọ́ tí àwòrán bá kúrò lọ́fíìsì. Ilé lè gba ọdún mẹ́rin kó tó dúró. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i, ẹni tó to ilẹ̀kùn rẹ̀ ti lè wà ní iléeṣẹ́ mìíràn, tó ń wá iṣẹ́ tó ju ilẹ̀kùn lọ, tó sì nílò kí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé náà kí wọ́n tó lè gbà á gbọ́.