Láti ìdí abọ́ dé ìdí owó: bí iṣẹ́ ilé oúnjẹ ṣe ń múra ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ iwájú

Tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọ̀pọ̀ ilé àmàlà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó máa ń gba ọmọ ilé ìwé girama sí iṣẹ́. Òmíràn jẹ́ ọmọ ìyá olóńjẹ fúnra rẹ̀, òmíràn jẹ́ ọmọ àdúgbò tó ń wá owó ìwé. Àwọn òbí kan gbà pé torí kí ọmọ má bàa jókòó lásán ni. Iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé oúnjẹ tí èrò ń wọ́ sí, ọmọ ọdún 16 lè kọ́ ìṣirò, ètò, ọ̀rọ̀ sísọ àti bí a ṣe ń tọ́jú ohun tó jẹ mọ́ owó, bí ọ̀gá ibẹ̀ bá ń jẹ́ kó kúrò ní ìdí iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ọmọ tí wọ́n bá fi sí ìdí abọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, abọ́ fífọ̀ náà ni yóò mọ̀ lọ.

Ìdí abọ́ ni wọ́n ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ibẹ̀ kò sì kéré. Ọmọ á kọ́kọ́ gbọn egungun àti ìyókù ọbẹ̀ dànù, nítorí bí epo bá ti kún inú omi ọṣẹ, abọ́ tó bá tibẹ̀ jáde á máa yọ̀ lọ́wọ́. Á fọ̀ ọ́, á ṣàn án nínú bàsíà kejì, á dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè gbẹ. Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, tí àwọn òṣìṣẹ́ àti awakọ̀ bá ya dé, abọ́ tó mọ́ lè tán lójijì. Ẹni tó ń bu oúnjẹ á dúró, oníbàárà á dúró, ariwo á sọ. Ọmọ tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì á mọ̀ pé kí èrò tó dé ni abọ́ ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, àti pé iṣẹ́ tòun ni iṣẹ́ àwọn yòókù rọ̀ mọ́.

Ìmọ́tótó náà ń wọ̀ ọ́ lára níbẹ̀. Wolé-wolé lè yà wọlé nígbàkígbà, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù rẹ̀ nìkan ló yẹ kí ọmọ fi máa fọwọ́. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe pẹ́ ju wákàtí 2 lọ nílẹ̀ láìjẹ́ pé ó wà nínú ẹ̀rọ amóhuntutù, kí èyí tí a sì fẹ́ máa tà ní gbígbóná gbóná kọjá ìwọ̀n 60 lórí Celsius. Bí ọ̀gá bá ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń dé kúlà pa, àti ìdí tí wọ́n fi ń tún ọbẹ̀ gbé kaná, ọmọ náà ti ní ìpìlẹ̀ tí yóò bá a dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bó bá gba ibẹ̀ lọ.

Tí wọ́n bá rí i pé ó ṣe é fọkàn tán, wọ́n á gbé e sí ìdí oúnjẹ. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti dùn jù, ibẹ̀ náà ló sì ti le jù. Oníbàárà mẹ́ta lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ní, “Bá mi bu àmàlà méjì, abùlà, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ kan.” Ìkejì, ìyá àgbàlagbà, ní ewédú nìkan lòun fẹ́, kí wọ́n má fi gbẹ̀gìrì sí i. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n di tòun sí ọ̀rá, ọkọ̀ ń dúró de òun. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í ki ìgbakọ bọ kúlà láìkọ́kọ́ tún un sọ: “Àmàlà méjì, abùlà, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ kan, àbí, sà?” Lẹ́yìn náà á yíjú sí ìyá àgbà: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n tètè dá bùọ̀dá yìí lóhùn, ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n.” Wọ́n á ní kò burú. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọmọ yìí ti rántí ohun mẹ́ta, ó ti mọ èyí tó kánjú jù, ó sì ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà láìrí wọn fín. Awakọ̀ òfurufú pàápàá, dandan ni kó tún àṣẹ tí wọ́n bá pa fún un láti ilẹ̀ sọ padà, kí àṣìgbọ́ má bàa wà.

Ìwọ̀n náà tún wà ńbẹ̀. Ìyá olóńjẹ mọ iye abọ́ àmàlà tó yẹ kó jáde nínú kóńgò èlùbọ́ kan. Bí ọmọ bá ń bù ú tóbi fún ojúlùmọ̀, àmàlà á tán kí owó tó pé. Bó bá sì bù ú kéré, oníbàárà ò ní padà wá. Ọwọ́ ọmọ á máa mọ ibi tí èrè wà kó tó gbọ́ orúkọ tí àwọn oníṣirò owó ń pè é.

Ẹni tó bá sì fi ìbínú sọ pé ẹran òun kéré ńkọ́? Wọ́n ń kọ́ ọmọ pé kó má jiyàn. “Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ kí n pe Màmá.” Mímọ èyí tí òun lè parí fúnra òun àti èyí tó yẹ kó dé etí ọ̀gá jẹ́ ọgbọ́n tí àgbàlagbà mìíràn kò ní.

Ìdí owó kì í ṣe ibi tí wọ́n ń sáré fi ọmọ sí. Ká ní ẹnì kan jẹ àmàlà 600 náírà, ẹran 1,000, pọ̀nmọ́ 300, omi inú ọ̀rá 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,950. Ó mú 5,000 wá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í yọ ọ́ lórí ìwé. Wọ́n á kà á gòkè: 50 sọ ọ́ di 2,000, 3,000 sọ ọ́ di 5,000, ṣéńjì jẹ́ 3,050. Lóde òní tí ọ̀pọ̀ ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, ọmọ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwòrán tí oníbàárà fi hàn án kì í ṣe owó. Ó dìgbà tí àláàtì bá wọlé sórí fóònù ilé oúnjẹ. Ó sì ní láti fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kí ẹni tó sanwó lóòótọ́ má bàa rò pé wọ́n pe òun lólè.

Jensen Huang, ọ̀kan lára àwọn tó dá Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe èròjà kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ lọ́dún 1993, gba irú ọ̀nà yìí kan náà. Ní ilé oúnjẹ Denny's kan nílùú Portland ní Amẹ́ríkà, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 15, abọ́ ló kọ́kọ́ ń fọ̀. Ó bọ́ sí kíkó abọ́ kúrò lórí tábìlì, kó tó di ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà.

Ọjà ló kẹ́yìn. Ọmọ tó bá tẹ̀lé ìyá olóńjẹ lọ sí Bódìjà á rí bí wọ́n ṣe ń yẹ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátì wò kí wọ́n tó nájà, nítorí èyí tó ti jẹrà kì í sábà wà lókè. Bí wọ́n bá délé, ata àná ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ̀, tòní á dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn apòògùn ṣe ń kọ́kọ́ ta oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ tán.

Gbogbo èyí ní ààlà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọ̀dọ́. Èyí tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Ọmọ tí wọn kò jẹ́ kó lọ sí ilé ìwé nítorí iṣẹ́, tàbí tí wọn kì í sanwó fún, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ó yẹ kí òbí bèèrè wákàtí, owó àti irú iṣẹ́ tí ọmọ yóò máa ṣe kó tó débẹ̀, kó sì tún máa yà wò ó.

Tí ìsinmi bá parí, ó dára kí ọmọ gba lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kó sì jókòó kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ kó tó gbàgbé. Bí wọ́n bá bi í léèrè lọ́jọ́ tó ń wá iṣẹ́, kó má wulẹ̀ sọ pé òun bá wọn ta oúnjẹ. Kó sọ iye èèyàn tí òun ń dá lóhùn lọ́sàn-án, bí òun ṣe ń ka owó tó wọlé lálẹ́ tó sì ń pé, àti ohun tí òun ṣe lọ́jọ́ tí àmàlà tán nígbà tí èrò ṣì wà nílẹ̀.