Bí bàálù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó wà

Ikú ló sọ rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ibi tí bàálù wà, di dandan lójú òfurufú Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1956, bàálù èrò méjì forí sọ ara wọn lókè Grand Canyon, gbogbo èèyàn 128 tó wà nínú wọn ló bá a lọ. Àwọn olùdarí tó wà nílẹ̀ kò rí wọn rárá. Ohun tí awakọ̀ bá fi rédíò sọ nípa ibi tó dé ni wọ́n gbójú lé. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba náwó gidi sórí rédà, tí wọ́n sì dá FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní 1958.

Mi ò ní bu rédà kù, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló ti gbà là. Ṣùgbọ́n yíyí ló ń yí, èyí tó ń ṣọ́ ọ̀nà jíjìn sì máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Bàálù ńlá tó ń sáré lókè á ti rìn tó kìlómítà mẹ́ta kí rédà tó tún fojú kàn án. Rédà kò rí ẹ̀yìn òkè, bàálù tó bá sì jìn sójú agbami ti kúrò lójú rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó wá yanjú èyí tún ti inú ikú jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án 1983, ológun Soviet Union já bàálù Korean Air 007 tó ṣìnà wọ òfurufú wọn lulẹ̀, èèyàn 269 kú. Ààrẹ Amẹ́ríkà, Ronald Reagan, kéde pé GPS, ètò sátẹ́láìtì ológun tó ń sọ ibi téèyàn wà, yóò wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo èèyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí. Títí di oṣù Karùn-ún 2000, ìjọba ṣì ń mọ̀ọ́mọ̀ ba èyí tí ará ìlú ń lò jẹ́ díẹ̀ kó má baà péye. Orí GPS yìí ni ADS-B dúró lé: bàálù á gba ibi tó wà lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, á sì máa fi rédíò kéde rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, bó ṣe ga tó àti bó ṣe ń sáré tó. Ibùdó ilẹ̀ ń gbọ́, bàálù mìíràn tó bá ní ẹ̀rọ ìgbọ́ náà ń gbọ́.

Kì í ṣe New York tàbí Chicago ni iṣẹ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Alaska ni, ní agbègbè Bethel, ìlú tí kò sí títì kankan tó so ó mọ́ ìlú ńlá. Bàálù kéékèèké ló ń kó lẹ́tà, oúnjẹ àti aláìsàn láti abúlé sí abúlé. Abẹ́ kùrukùru ni awakọ̀ ń gbà, níbi tí rédà kò dé, ìjàǹbá sì pọ̀ lápọ̀jù. Ní 1999, FAA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Capstone. Ìjọba ló ra ẹ̀rọ náà sínú nǹkan bí 200 bàálù, wọn ò ní kí awakọ̀ lọ wá owó wá. Ojú ẹ̀rọ kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tó ń fi ilẹ̀ tó ga hàn án, tó ń fi ojú ọjọ́ hàn án, tó sì ń fi bàálù tó wà nítòsí hàn án. Ní 2001, àwọn olùdarí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ADS-B darí ọkọ̀ ní Bethel bí ẹni ń lo rédà. Láàárín 2000 sí 2004, ìjàǹbá dín ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn bàálù tó ní ẹ̀rọ yìí. Nínú gbogbo ìtàn yìí, èyí ló wú mi lórí jù.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ yá. FAA gbé kíkọ́ àwọn ibùdó ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ITT ní 2007. Wọ́n ti lé ní 600. Kánádà lo ADS-B lórí omi ńlá Hudson Bay ní 2009, torí pé kò sí rédà níbẹ̀ náà. Òfin Amẹ́ríkà jáde ní 2010: láti ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, 2020, bàálù tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ wọ òfurufú tó yí àwọn pápákọ̀ ńláńlá ká. Àwọn tó ní bàálù kékeré kùn, torí pé àpò ara wọn ni owó ti jáde lọ́tẹ̀ yìí.

Agbami ló wá kù, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ ibùdó sáàárín òkun. Lẹ́yìn tí bàálù Malaysia MH370 di àwátì pẹ̀lú èèyàn 239 ní oṣù Kẹta 2014, ìpàdé àgbáyé lórí ìgbì rédíò ní Geneva fọwọ́ sí i ní 2015 pé kí sátẹ́láìtì máa gbọ́ ìkéde bàálù tààrà. Ilé iṣẹ́ Aireon de ẹ̀rọ ìgbọ́ mọ́ àwọn sátẹ́láìtì Iridium tí wọ́n gbé lọ sókè láti 2017 sí 2019. 66 ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ yí ayé ká. Ní 2019, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lórí Àtìláńtíìkì. Àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín bàálù kan àti èyí tó ń tẹ̀ lé e, tó jẹ́ máìlì òkun 40 tẹ́lẹ̀, lè wálẹ̀ dé 14.

Síbẹ̀, òfin 2010 fi ìdajì Capstone sílẹ̀. Dandan ni kí bàálù máa kéde, kì í ṣe dandan kó máa gbọ́. Ohun tí awakọ̀ bàálù kékeré ní Bethel ń wò níwájú rẹ̀ láti bí ogún ọdún ó lé, ọ̀pọ̀ bàálù èrò kò ní in. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá, ti ń béèrè pé kí wọ́n fi kún un láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, 2025, hẹlikópítà ológun àti bàálù èrò kọlu ara wọn lókè odò Potomac ní Washington, èèyàn 67 kú. Òfin gba ológun láàyè láti pa ìkéde wọn nígbà mìíràn, hẹlikópítà yẹn kò sì kéde lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ẹbí àwọn tó kú ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn aṣòfin, pé kí ìgbọ́ náà di dandan.