Yíyẹ ọgbọ́n ìmọ̀lára ara ẹni wò

Yíyẹ ọgbọ́n ìmọ̀lára ara ẹni wò ni kí ènìyàn fi ohun tó ṣe àti ohun tó sọ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ díwọ̀n bí ó ti mọ inú ara rẹ̀ tó, bí ó ti lè ka inú ẹlòmíràn, àti bí ó ti ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná. Ó yàtọ̀ sí ìdánwò tí onímọ̀ ń ṣe fún ni, nítorí pé ẹni tí à ń yẹ̀ wò náà ni olùyẹ̀wò. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro rẹ̀ wà. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ti mú àwọn àpẹẹrẹ inú àpilẹ̀kọ yìí.

Ibi tí èrò náà ti wá

Ní ọdún 1920, Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé ọgbọ́n tí a fi ń bá ènìyàn lò yàtọ̀ sí ọgbọ́n ìwé. Howard Gardner tún gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dìde ní 1983, ó ka mímọ ara ẹni àti mímọ ẹlòmíràn mọ́ oríṣiríṣi ọgbọ́n tí ẹ̀dá ní. Peter Salovey àti John Mayer ni wọ́n fún ọgbọ́n ìmọ̀lára ní ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò, ní 1990, ọdún kan náà tí wọ́n dá Yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé tí Daniel Goleman tẹ̀ jáde ní 1995 ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, Mayer àti Salovey pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: rírí ìmọ̀lára lójú ènìyàn àti nínú ohùn rẹ̀, lílo ìmọ̀lára láti ran ìrònú lọ́wọ́, mímọ ohun tó fa ìmọ̀lára àti ohun tó lè yọrí sí, àti dídarí rẹ̀.

Orúkọ tí ìmọ̀lára ń jẹ́

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú àyẹ̀wò yìí ni kí ènìyàn lè pe ohun tó ń ṣe é ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ Yorùbá kò wá ọ̀rọ̀ tì. Inú ní ń dùn, inú ní ń bí ni, inú ní ń bàjẹ́. Àyà ní ń já, ọkàn ni kì í balẹ̀, orí ní ń wú, ojú ní ń ti ni. Ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní ẹrù tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fetí sí ẹnu ara rẹ̀ ti ń gbọ́ ibi tí nǹkan ti ń ṣe é.

"Ó dùn mí" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "inú bí mi." Ẹni tí nǹkan dùn ń retí rere láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ẹni tí inú ń bí lè má retí nǹkan kan mọ́. "Ó ká mi lára," "ara ta mí," "ó sú mi" àti "ojú tì mí" tún yàtọ̀ síra wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa da gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "inú ń bí mi," nítorí ìbínú rọrùn láti gbé síta ju ìtìjú lọ. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ tọrọ owó ilé-ìwé níṣojú àlejò, tí ó sì jágbe mọ́ ọn, lè sọ pé ọmọ náà ló múnú bí òun. Bí ó bá yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa, ojú ló tì í.

Pípe ìmọ̀lára lórúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nínú ìwádìí tí Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wo àwọn tó ń wo àwòrán ojú ẹni tí inú ń bí tàbí tí ẹ̀rù ń bà. Nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ pe ìmọ̀lára tó wà lójú náà, iṣẹ́ amygdala, ẹ̀yà ọpọlọ tó máa ń ta gìrì sí ohun ìbẹ̀rù, a máa dínkù. Àwọn kan wà tí ó ṣòro fún láti rí ọ̀rọ̀ fún ohun tó ń ṣe wọ́n rárá. Peter Sifneos ni ó fún ipò yẹn ní orúkọ, alexithymia, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1970.

Gírámà Yorùbá ní ewu kékeré kan níbí. Nínú "ẹ̀rù bà mí" àti "inú bí mi," ènìyàn kọ́ ni olùṣe. Òun ni wọ́n ṣe é sí. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún ẹ̀bi lè fi gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bojú, bí ẹni pé ìbínú jẹ́ àlejò tó ya ilé òun láìkàn ilẹ̀kùn. "Iṣẹ́ èṣù ni," tí a máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìjà, jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Bí ẹ̀bẹ̀ ènìyàn bá sábà máa ń parí síbẹ̀, ó yẹ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àyẹ̀wò rẹ̀.

Ìdí tí ènìyàn fi ń tan ara rẹ̀ jẹ

Yorùbá ní, "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni." Ní 1999, Justin Kruger àti David Dunning ti Yunifásítì Cornell fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò nípa àwàdà, ìrònú àti gírámà, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n rò pé àwọn wà láàrin ẹgbẹ́. Àwọn tó wà ní ìdá mẹ́rin ìsàlẹ̀ ṣe dáadáa ju nǹkan bí 12 péré lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn fúnra wọn rò pé àwọn ta 62 yọ. Nígbà tí Dunning àti àwọn mìíràn yẹ ọgbọ́n ìmọ̀lára wò lọ́nà kan náà, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2014, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: àwọn tó kéré jù ni wọ́n jìnnà jù sí òótọ́ nípa ara wọn, àwọn náà ni kò sì fẹ́ gba ìrànlọ́wọ́. Nítorí náà, bíbi ara ẹni pé "Ṣé mo gbọ́n nípa ìmọ̀lára?" kò wúlò. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó ló yẹ kí á bèèrè.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ohun mìíràn tún wà tó ń bo ojú àyẹ̀wò, ohun náà sì dára: ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ a máa dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, a máa fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, ó sì mọ ìgbà tí à ń kí ni ní "ẹ kú ọjà," "ẹ kú ìrọ́jú" àti "ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Àwọn ìkíni wọ̀nyí jẹ́ ọgbọ́n ìmọ̀lára tí èdè ti tọ́jú pamọ́, nítorí ipò tí ẹni tí à ń kí wà ni wọ́n ń dárúkọ. Àmọ́ ẹnu nìkan lè sọ wọ́n. Ẹni tó kí ọlọ́fọ̀ bó ti yẹ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè gbèsè rẹ̀ kí ìjókòó tó gbóná, mọ ìkíni; kò mọ inú ọlọ́fọ̀.

Nínú ìgbòkègbodò ojúmọ́

Ọjà ni ibi àyẹ̀wò tó yá jù. Bí oníbàárà bá ná tòmátò ní ọjà Sábó, tí ìyálọ́jà ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé mo lè tà á bẹ́ẹ̀?" nǹkan mẹ́ta ló lè wà nínú ohùn yẹn: àwàdà, àárẹ̀, tàbí ẹ̀dùn pé owó ọjà kò pé. Kí oníbàárà mú ọ̀kan lọ́kàn kí ó tó tún sọ̀rọ̀, kí ó wá wo bí ìdáhùn ìyá náà ṣe rí. Ẹni tó bá ń ṣe èyí fún ìgbà díẹ̀ yóò mọ bóyá òun ń gbà á tàbí òun ń ṣì í. "Ojú lọ̀rọ̀ wà" ni a máa ń sọ, ṣùgbọ́n a tún ní "ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín". Ìyálọ́jà tó ń rẹ́rìn-ín lè má tíì rí èrè kankan láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣéńjì láàrin ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ ní ọ̀sán gangan jẹ́ àyẹ̀wò ti ìkóra-ẹni-níjàánu. Pé inú bí ènìyàn kì í ṣe àbùkù. Ohun tí à ń wò ni bí àyè ṣe wà tó láàrin ìgbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì àti ìgbà tí ẹnu là. Àwọn kan mọ̀ ọ́n láti inú àgbọ̀n wọn tó dì, àwọn mìíràn láti inú ohùn wọn tó ń ròkè. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ kì í bi ara wọn: ta ló jẹ nínú ìbínú yẹn nígbà tí mo délé? Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un, "fífi ìkanra mọ́ ènìyàn," ọmọ kékeré tàbí ọmọ iṣẹ́ ni ó sì sábà máa ń gbà á.

Nínú agbo ilé, àmúmọ́ra ni ìwà tí wọ́n ń yìn jù. Ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n ọkọ ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí, tí ó ń fi ẹ̀rín bu àmàlà fún un, ni wọ́n ń pè ní ọmọ gidi. Ìwádìí James Gross ní Yunifásítì Stanford, tí ó gbé jáde ní 1998, fi hàn pé ọ̀nà méjì yìí kò dọ́gba: kí ènìyàn fi ojú pa ìmọ̀lára mọ́, tàbí kí ó yí bí ó ṣe rí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó fi fíìmù tó ń kó ni nírìíra han àwọn ènìyàn. Àwọn tó pa á mọ́ kò fi hàn lójú, ṣùgbọ́n ìríra náà kò dínkù nínú wọn, iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn sì túbọ̀ ń fún pọ̀. Ti àwọn tó fi ojú mìíràn wo fíìmù náà dínkù ní tòótọ́. Kò yẹ kí á tìtorí èyí kẹ́gàn àmúmọ́ra, nítorí oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ni ti ẹni tó rò ó pé, "Ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ló ń dà á láàmú, èmi kọ́," tó sì sun oorun rẹ̀. Ìkejì ni ti ẹni tó kó o jọ fún ọdún mẹ́ta, tí ó wá tú u síta lọ́jọ́ tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú un mọ́ra" ni gbólóhùn tí a fi ń dá ìkejì mọ̀.

Ìtàkùrọ̀sọ ẹbí lórí WhatsApp ní àǹfààní kan tí ọjà àti agbo ilé kò ní: ó wà nílẹ̀. Ìrántí a máa gbè lẹ́yìn olówó rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kì í gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kí ènìyàn padà lọ ka ohun tó kọ lóṣù tó kọjá nígbà tí wọ́n ń jiyàn lórí owó ìnáwó, tàbí kí ó gbọ́ ohùn tó fi ránṣẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ó lè korò díẹ̀.

Ẹni tó bá ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yóò rí i pé ìbínú òun ní àkókò. Kí ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí ara rẹ̀ ṣe, orúkọ ìmọ̀lára náà, àti ohun tó rò pé ẹnìkejì ń rò. Kí ó kọ àsìkò náà pẹ̀lú: ṣáájú oúnjẹ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, oorun tó àbí kò tó, ṣé inú ààwẹ̀ ni. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Bíbi ẹlòmíràn léèrè

Joseph Luft àti Harrington Ingham ya àwòrán fèrèsé onípáànù mẹ́rin kan ní 1955, páànù kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ohun tí ẹlòmíràn rí lára wa tí àwa kò rí. Láti ṣí páànù yẹn, a ní láti bèèrè, ọjọ́ orí sì máa ń dínà. Ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kò lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ó le koko; àbúrò kì í là á mọ́ ẹ̀gbọ́n lójú. Bí ìbéèrè bá jẹ́ "Ṣé mo máa ń bínú jù?" ìdáhùn yóò jẹ́ "Rárá o, sà," ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn. Ìbéèrè tí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ló ń rí èsì: "Báwo lo ṣe máa ń mọ̀ pé inú ti ń bí mi kí n tó sọ̀rọ̀?" Ọmọ iṣẹ́ lè dáhùn pé, "Ọ̀gá, bí ẹ bá ti dákẹ́, tí ẹ ń gé aṣọ láìwò wá." Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n ó tó ìròyìn. Àwọn ọmọdé inú agbo ilé ni wọ́n mọ èyí jù. Láti inú bí bàbá ṣe ti ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá kí wọ́n wà ní pálọ̀ tàbí kí wọ́n sá.

Ìdánwò àwọn onímọ̀

Irú méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, ènìyàn ni yóò sọ bí ó ti rí, bí i ti Nicola Schutte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1998, tó ní gbólóhùn 33. Nínú ìkejì, iṣẹ́ ni wọ́n ń fún ni ṣe: ìdánwò Mayer, Salovey àti ẹlẹgbẹ́ wọn tí à ń pè ní MSCEIT, tí ó jáde ní 2002, ní ìbéèrè 141, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ àwòrán ojú tí a ó sọ ohun tó wà níbẹ̀. Èsì irú méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn mu, gẹ́gẹ́ bí Marc Brackett àti àwọn mìíràn ṣe rí i ní 2006. Àwọn kan kò gbà pé ọgbọ́n ni rárá. Edwin Locke kọ ọ́ ní 2005 pé èrò náà kò fìdí múlẹ̀.

Nínú MSCEIT, ìdáhùn tó tọ̀nà ni èyí tó bá ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí ti àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti bi léèrè mu. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí àgbà ń bá wí a máa wo ilẹ̀, nítorí àfojúdi ni kí ó máa wo àgbà lójú. Ẹni tí kò gbé láàrin Yorùbá rí lè rí ojú tó wolẹ̀ yẹn kí ó pè é ní ẹ̀bi tàbí ìbànújẹ́. Ìyá ọmọ náà, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mọ̀ pé ọmọ òun kò tíì gbà pé òun ṣẹ̀.