Avulsion: bí odò ṣe ń pa ipa rẹ̀ tì

Avulsion ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ojú ilẹ̀ fi ń pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí odò bá pa ipa tí ó ti ń tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tì, tí ó sì la ọ̀nà mìíràn gba inú ilẹ̀. Ó yàtọ̀ sí bí odò ṣe máa ń jẹ bèbè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ó sì ń ṣàn ní kọ́lọkọ̀lọ, nítorí nínú avulsion, gbogbo omi náà, tàbí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ni ó ṣí lọ síbòmíràn.

Ẹrù tí odò ń gbé ni ó ń fà á. Bí omi bá kún bo bèbè, eré rẹ̀ a dínkù, yanrìn àti ẹrẹ̀ tí ó wúwo a balẹ̀ sí etí odò, amọ̀ kíkúnná nìkan ni yóò sì bá omi dé ilẹ̀ rírẹlẹ̀ tí ó jìnnà. Bí èyí bá ń bá a lọ fún ọ̀rúndún mélòó kan, bèbè a ga, ìsàlẹ̀ odò pàápàá a ga, títí odò yóò fi máa ṣàn lórí òkìtì tí òun fúnra rẹ̀ mọ. Ọjọ́ tí ìkún omi ńlá bá wá já bèbè náà, omi ti rí ibi tí ó rẹlẹ̀ ju ti àtijọ́, kò sì sí ohun tí yóò dá a padà. Nígbà mìíràn, ipa tuntun àti ti àtijọ́ a jọ máa pín omi fún ìgbà pípẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń yá, bí ti odò Huang He ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó já bèbè ní 1855, tí ó fi gúúsù agbègbè Shandong sílẹ̀, tí ó sì lọ wọ òkun ní àríwá rẹ̀.

Délítà odò Rhine àti Meuse ní Nẹ́dálándì, ìyẹn ilẹ̀ tí ẹrù odò mọ níbi tí wọ́n ti ń wọ òkun, wà lára ibi tí a ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní jù lọ, iṣẹ́ Henk Berendsen ti Yunifásítì Utrecht sì ni ó pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ìtàn bí ilẹ̀ gúúsù ìpínlẹ̀ Utrecht ṣe dá ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1982, délítà náà ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 2007. Ohun tí ó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ńlá kọ́ ni wọ́n gbójú lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ yí irin gbọọrọ wọ inú ilẹ̀, tí wọ́n ń kọ irú erùpẹ̀ tí ó bá jáde sílẹ̀, àkọsílẹ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀ sì ti ju 200,000 lọ. Láti inú rẹ̀ ni òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Esther Stouthamer, ti tẹ ìwé jáde ní 2001 tí ó fi ipa àwọn odò àtijọ́ àti ọjọ́ orí wọn hàn.

Báwo ni a ṣe ń mọ ọjọ́ orí náà? Nígbà tí odò bá kúrò, ewéko a hù sínú omi tí ó dákẹ́ síbẹ̀, a sì jẹrà di ilẹ̀ dúdú. Bí a bá fi kábọ́ọ̀nù 14, tí ó máa ń dínkù díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tí ó ti kú, wọn èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lórí yanrìn, a ó mọ ìgbà tí odò lọ. Ewéko tí amọ̀ àkọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀ lẹ́bàá odò ni ó ń sọ ìgbà tí ó dé. Ilẹ̀ dúdú yìí máa ń rì, ṣùgbọ́n yanrìn kì í rì, nítorí náà ipa odò tí ó ti kú ni ó wá ga jù lọ lónìí, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ abúlé wà, tí màlúù ń jẹko nísàlẹ̀.

Ní ayé àwọn ará Róòmù, ẹ̀ka Rhine tí ó wọ òkun ní Katwijk ni ààlà ìjọba wọn. Omi ṣí lọ sí Lek àti Waal, àwọn ẹ̀ka Rhine mìíràn, nígbà tí àwọn ènìyàn sì fi erùpẹ̀ dí ẹ̀ka àtijọ́ náà ní Wijk bij Duurstede ní 1122, agbára rẹ̀ ti tán. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ odi yí àwọn odò ká, àárín odi nìkan ni yanrìn ń balẹ̀ sí, ilẹ̀ ẹ̀yìn odi tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ gbẹ sì ń rì, débi pé ìyàtọ̀ gíga tí ó ń fa avulsion ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kó nǹkan bí 250,000 ènìyàn kúrò nílé nígbà tí omi kún ní 1995, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn odi ńlá náà kò já.